Ìgbín Ni Tàbí Ìpéré?

Lọ́jọ́ tí Mìsé Norbert kọ́kọ́ pe ìpàdé sí ẹ̀bá odò, Àdìjá nìkan ni ó bi í ní ìbéèrè. Ìbéèrè náà kò gùn. Ó ní, "Mìsé, ìgbín ni ẹ wí tàbí ìpéré?"

Bí ó bá ti dá a lóhùn bí ọmọ ènìyàn ni, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà kì bá ti ṣẹlẹ̀.

Ọgbà ẹ̀fọ́ àwọn obìnrin wà lẹ́yìn gáà, ibùdó ọkọ̀ ojú irin, níbi tí ilẹ̀ ti ń rọra lọ sí odò. Obìnrin mẹ́rìndínlógún ni ó ní ilẹ̀ níbẹ̀. Ti Àdìjá ni ó sún mọ́ omi jù. Gbọmà ni ó ń gbìn síbẹ̀, àti tẹ̀tẹ̀, àti sàláàdì díẹ̀ tí àwọn olùkọ́ àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa ń rà. Ẹ̀fọ́ yìí ni ó ń jẹ, òun náà ni ó ń wọ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, àwọn àbúrò ọkọ pín oko tí ó wà lọ́nà Ọ̀kpárá láàárín ara wọn. Wọ́n ní opó tí kò bá fẹ́ ẹnikẹ́ni nínú àwọn kò ní ohun tí yóò fi oko ṣe. Kò sì fẹ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Baba Lassissi, olórí àdúgbò, ni ó fún un ní ilẹ̀ ẹ̀bá odò yìí. Kò ní òmíràn láyé.

Ohun tí ó ń bá àwọn obìnrin náà jà kì í ṣe tuntun. Bí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin, ìpéré á jáde, àwọn wẹ́wẹ́ tí ìkarahun wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ju èékánná lọ, àti àwọn ẹgbẹ́ wọn tí kò ní ìkarahun rárá, tí ara wọn ń yọ̀ bí ikun imú. Inú òkùnkùn ni wọ́n ti ń jẹun. Ilẹ̀ á mọ́, ewé gbọmà á ti di ajere.

Àdìjá mọ bí a ti ń ṣe wọ́n. Á ku eérú gbígbẹ yí ebè ká. Bí òjò bá fọ eérú náà lọ, á ku òmíràn. Ní ìrọ̀lẹ́ á ki àpò àtijọ́ bọ omi, á tẹ́ ẹ sí àárín ebè. Bí ó bá ṣí i láàárọ̀, á bá wọn lábẹ́ rẹ̀, wọ́n á lẹ̀ mọ́ ara wọn bí ẹni ń ṣe ìpàdé. Á gbọ̀n wọ́n sínú omi iyọ̀. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni. Kò sí ọgbọ́n kan nínú rẹ̀ ju kí ènìyàn tètè jí lọ.

Ní ti ìgbín gidi, ìgbín ńlá tí ènìyàn ń jẹ, ẹyọ kan ẹyọ kan ni ó máa ń ṣìnà wọ ọgbà. Àdìjá kì í jẹ ẹ́. Ìmàle ni, baba rẹ̀ kò jẹ́ kí ó wọ ilé wọn rí. Títílayọ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ fẹ́ràn ìgbín bí ojú. Bí Àdìjá bá rí ọ̀kan, á kàn pè é pé, "Títí, ẹran rẹ dé o," Títílayọ̀ á sì wá mú un. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún ọdún mẹ́sàn-án nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò pè é ní ètò.

Ọdún kejì òmìnira lọ́wọ́ Faransé ni Mìsé Norbert dé. Ọmọ ìsàlẹ̀ ni, láti gúúsù, ní ìhà Pọ́bẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin ni ó gbé e wá, pẹ̀lú àpótí méjì àti ìwé kan tí ó sọ ọ́ di ọ̀gá iṣẹ́ àgbẹ̀. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Èdè Nàgó rẹ̀ dán, ó sì mọ̀ pé ó dán. Ohun tí ó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó gba ilẹ̀ kékeré kan lẹ́nu ọ̀nà ọgbà, ó gbin sàláàdì sí i, ó kọ ọ́ sára pákó pé ebè àpẹẹrẹ. Èkejì ni ìpàdé.

"Ẹ̀yin ìyá wa," ni ó wí, "òmìnira ti dé, ṣùgbọ́n òmìnira kò tíì pé níwọ̀n ìgbà tí ọ̀tá bá ṣì wà lórí ewé. Ìgbín ni ọ̀tá náà. Ìgbín ni amúnisìn tí ó kù nínú ilẹ̀ wa. Àwọn àgbà wa sì sọ ọ́: bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀lé e. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìjọba ti fà, kí ará ìlú tẹ̀lé e."

Awawou, obìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, tẹ̀ sí etí ẹni tí ó jókòó tì í. "Ta wá ni ìgbín báyìí? Ṣé ọ̀tá ni àbí ìjọba?"

Ẹ̀rín sọ láàárín wọn. Mìsé Norbert rò pé ọ̀rọ̀ òun ni ó dùn mọ́ wọn nínú, òun náà rẹ́rìn-ín músẹ́.

Lẹ́yìn náà ni ó wá sọ ohun tí ó fẹ́. Ní ọjọ́ àyájọ́ òmìnira, àwọn àlejò ńlá ń bọ̀ láti Kútọnu wá wo ọgbà. Kí ó tó di ọjọ́ náà, kí obìnrin kọ̀ọ̀kan máa ṣa ìgbín wá. Ẹni tí tirẹ̀ bá pọ̀ jù yóò gba agolo ìbomirin tuntun, aláwọ̀ ewé. Wọn kò gbọdọ̀ pa wọ́n. Yóò kan ọgbà pákó tí wọn yóò kó wọn sí, kí àwọn àlejò lè fi ojú ara wọn rí iṣẹ́ tí a ti ṣe. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ bá sì ṣófo lọ́jọ́ náà, a ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, a ó fún ẹni tí ó lè ṣe é.

Ìgbà yìí ni Àdìjá bi í ní ìbéèrè rẹ̀.

Mìsé Norbert ṣí ìwé Faransé tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo àwòrán kan. "Ìyá," ni ó wí, "ìdílé kan náà ni gbogbo wọn. Ẹ má jẹ́ kí á fi ọ̀rọ̀ kékeré dí ọ̀rọ̀ ńlá lọ́wọ́."

"Wọn kì í ṣe ìdílé kan náà nínú ọbẹ̀," ni Títílayọ̀ wí, gbogbo wọn tún rẹ́rìn-ín.

Àdìjá kò rẹ́rìn-ín. "Ìpéré ni ó ń jẹ ẹ̀fọ́ wa, Mìsé. Bí ẹ bá ní ìgbín, ìgbín ni wọ́n máa mú wá fún yín."

"Ìgbín ni mo wí," ni ó dáhùn, ó sì pa ìwé rẹ̀ dé.

Ta ni yóò wá máa ṣa ìpéré? Kò sí ìgbín nínú ọgbà tó ohun tí a lè fi gba agolo, nítorí náà àwọn obìnrin wọ inú igbó lọ. Wọ́n lọ sí ọ̀nà Ọ̀kpárá, wọ́n lọ sí oko àwọn ará Ọfẹ̀, wọ́n túlẹ̀ abẹ́ ewé jíjẹrà, wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn àbúrò wọn ní oko. Òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan ni agbọ̀n ń wọlé. Ìgbín tó tó ìkúùkù, ìgbín tí ó ti ń gbé ayé rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ láìmọ ohun tí ń jẹ́ gbọmà, ni wọ́n ń rù wá sí ẹ̀bá ẹ̀fọ́. Títílayọ̀ ló ń ṣáájú. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì tí kò jẹ ẹyọ kan.

Níbo ni Mìsé Norbert wá kan ọgbà pákó rẹ̀ sí? Ẹ̀bá odò, ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ Àdìjá, nítorí pé ìwé ní ìgbín fẹ́ràn ibi tútù.

"Ẹ gbé e jìnnà sí ilẹ̀ mi," ni Àdìjá wí.

"Ìyá, pákó yìí lágbára. Ẹ fọkàn balẹ̀."

"Pákó lágbára, kò ní òrùlé. Ìgbín ń gun nǹkan."

"Ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi, ìyá. Kí ó tó gùn ún tán, àwọn àlejò á ti dé."

Ó fi òwe dá a lóhùn, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ. Àdìjá dúró ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ohun tí ó ń bí i nínú jù nípa ọkùnrin náà nìyẹn: ọ̀rọ̀ tí ó bá ti dùn, ó gbà pé ó ti jẹ́ òtítọ́ nìyẹn.

Ó lọ bá Títílayọ̀. "Títí, má kó ìgbín wá síbí mọ́. Ilẹ̀ mi ni wọ́n máa kọ́kọ́ dé bí wọ́n bá jáde."

Títílayọ̀ ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹrẹ̀ lójú. "Igba ó lé mọ́kànlá ni mo ní. Awawou ní igba ó lé méje. O fẹ́ kí n dúró níbí?"

"Agolo ni o máa fi ilẹ̀ mi gbà?"

"Ìwọ tí o kì í jẹ ẹ́, kí ló kàn ọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìgbín? Ẹlẹ́hàá ìgbín." Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé agbọ̀n rẹ̀ kọjá.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí àwọn àlejò dé ni òjò ńlá rọ̀. Nígbà tí Àdìjá dé ọgbà ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ojú pákó ń dán gbinrin láti ìsàlẹ̀ dé òkè bí ẹni pé wọ́n fi ẹyin kùn ún. Ìgbín mélòó kan ṣì wà lórí etí pákó, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ sí apá ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn tí ó kù ti sọ̀ kalẹ̀ tipẹ́. Gbọmà tí ó ti ga dé orúnkún rẹ̀ ku igi lásán. Tẹ̀tẹ̀ kò ku nǹkan kan. Sàláàdì, bí ẹni pé kò gbìn ín rí. Wọ́n ti yó, wọ́n fà wọ inú ìkarahun wọn, wọ́n sùn lórí ebè rẹ̀ bí àlejò tí ó jẹun tán tí kò mọ ọ̀nà ilé.

Kò sunkún. Ó já ewé kókò, ó fi wé ọwọ́, nítorí ara rẹ̀ kọ̀ wọ́n, ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣa wọ́n sínú agbọ̀n. Agbọ̀n méjì ni ó kún. Nígbà tí Títílayọ̀ dé tí ó ní kí òun kó ti òun, Àdìjá wò ó lójú kan, Títílayọ̀ sì padà sẹ́yìn. Wọ́n ti jẹ ebè Títílayọ̀ náà dé ìdajì.

Mìsé Norbert dé nígbà tí oòrùn ti là. Ó sọ kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ó yí ilẹ̀ náà po. "Ìyá, ìdánwò ni èyí. Nínú gbogbo ìjàkadì orílẹ̀-èdè, ẹnìkan á máa..."

"Kí ni kí n ṣe?" ni Àdìjá bi í.

Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ gé ẹ̀ka gbọmà lọ́wọ́ àwọn yòókù láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ gún un sílẹ̀, ẹ bomi sí i. Kí ó tó rọ, àwọn àlejò á ti wọkọ̀ wọn."

"Kí n gún igi tí kò ní gbòǹgbò sílẹ̀, kí n dúró tì í?"

"Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìyá, òfin ni òfin. Ilẹ̀ tí ó bá ṣófo, mo ti sọ ọ́ níwájú gbogbo ènìyàn."

Àdìjá nà tán. Láti ọjọ́ tí ọkùnrin yìí ti dé ni ó ti ń fi "ẹ" pè é nítorí iṣẹ́ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè bí i. Ìgbà yìí ni ó mú un kúrò. "Ìwọ lo kó ìgbín wá sí ilẹ̀ mi. Bí mo bá gún igi síbẹ̀, èmi náà á di òpùrọ́ bíi tìrẹ. Máa lọ."

Ọjọ́ àyájọ́ pé. Òjò winniwinni ń sẹ̀ láti òwúrọ̀. Àlejò mẹ́ta ni ó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, wọ́n wọ bàtà dúdú, agbòòrùn wà lórí wọn. Wọn kò gbọ́ Nàgó. Mìsé Norbert ni ó ń túmọ̀. Wọ́n wo ebè àpẹẹrẹ, sàláàdì rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, wọ́n yìn ín. Wọ́n wo ti àwọn obìnrin. Wọ́n dé ti Àdìjá. Igi gbọmà tí ìgbín jẹ kù dúró lórí ilẹ̀ bí eyín arúgbó, agbọ̀n méjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ó fi àpò bò.

Èyí tí ó sanra nínú wọn béèrè ọ̀rọ̀ kan. Mìsé Norbert yíjú sí Àdìjá. "Wọ́n ní kí ló dé?"

Àdìjá ní, "Ìgbín tí o kó wá ló jẹ ẹ́."

Mìsé Norbert yíjú sí àwọn àlejò, ó bẹ̀rẹ̀ sí túmọ̀. Ó túmọ̀, ó túmọ̀, ó na ọwọ́ sí odò, ó na ọwọ́ sí òkè, ó gbé ọwọ́ lé àyà. Ọkùnrin tí ó sanra mi orí, ó sì fi àánú wo Àdìjá.

Souleymane, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní gáà tí ó sì gbọ́ Faransé, wà láàárín àwọn tí ó wá wòran. Àdìjá pè é. "Kí ni ó sọ?"

Souleymane wo ilẹ̀. "Ìyá, ó ní ilẹ̀ náà ló ti ṣá. Ó ní agbára yín kò gbé e mọ́, ẹ ti fi sílẹ̀ fún ìjọba tayọ̀tayọ̀."

"Tayọ̀tayọ̀."

"Bí ó ṣe wí nìyẹn."

Àdìjá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé agbọ̀n kan lé orí, ó fa èkejì mọ́ ìbàdí. Àwọn ènìyàn yà fún un. Ó rìn kọjá àwọn àlejò, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó sì da agbọ̀n àkọ́kọ́ sórí sàláàdì ebè àpẹẹrẹ, gbogbo rẹ̀, àwọn ìgbín ń yí gbirigbiri lu ara wọn. Ó da èkejì tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ni ó nà tán, ó nu ọwọ́ mọ́ ìró rẹ̀.

"Èyí kò ní ògbufọ̀," ni ó wí. "Kí ó dúró síbẹ̀."

Àwọn àlejò wo ara wọn. Ọ̀kan rẹ́rìn-ín, ó rò pé àṣà ìlú ni. Wọ́n bọ ọwọ́, wọ́n wọkọ̀, wọ́n lọ. Kí ariwo mọ́tò wọn tó lọ sílẹ̀, Mìsé Norbert ti tẹ̀ sórí ebè rẹ̀, ó fẹ́ máa ṣa ìgbín kúrò.

Ọ̀pá Baba Lassissi, tí ó ti wà láàárín àwọn òǹwòran láti òwúrọ̀, ni ó kọ́kọ́ kan ọwọ́ rẹ̀.

"Fi sílẹ̀," ni bàbá náà wí. Arúgbó ni, kì í pariwo. "Ìwọ ní ilẹ̀ ló ti ṣá. Òun ní ìgbín ni. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí sàláàdì yìí ṣì wà, Àdìjá yóò gbé igbá rẹ̀, yóò kúrò lórí ilẹ̀ náà, n kò sì ní gba ẹ̀bẹ̀. Àdìjá, o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Baba."

"Bí kò bá sí mọ́, a ó mọ ohun tí a máa sọ."

Ó ní kí Souleymane jókòó tì í títí ilẹ̀ á fi mọ́, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ìgbín kan.

Àdìjá kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìbínú ti kún inú rẹ̀ débi tí oúnjẹ kò rí àyè. Ó ń bínú sí Mìsé Norbert, ó ń bínú sí Títílayọ̀ àti agolo rẹ̀, ó tún ń bínú sí Baba Lassissi, tí ó fi ilẹ̀ òun ta tẹ́tẹ́ lé ikùn ìgbín lórí. Bí wọ́n bá ti yó jù ńkọ́? Bí òjò bá dá tí wọ́n sì kọ̀ láti yọjú? Ọmọ aráyé lè purọ́ fúnni. Ìgbín kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnìkan ń dúró de òun.

Nígbà tí ó dé ọgbà láàárọ̀, àwọn obìnrin ti pé síbẹ̀. Ó kọjá láàárín wọn. Ojú ebè àpẹẹrẹ funfun fún ipa ìgbín. Egungun àárín ewé díẹ̀ ni ó kù, àti pákó tí wọ́n kọ̀wé sí. Ìgbín kan tilẹ̀ ti gun pákó náà, ó sùn lórí rẹ̀.

Mìsé Norbert ti wà níbẹ̀. "Ebè àpẹẹrẹ ni èyí, Baba. Ti ìjọba ni. Kò sí lára ilẹ̀ tí..."

"Òfin rẹ ni," ni Baba Lassissi wí. "Ilẹ̀ tí ó bá ṣófo, kí á gbà á lọ́wọ́ ẹni tí kò lè ṣe é. Méjì ni ó ṣófo níbí. Èwo ni kí n kọ́kọ́ gbà?"

Mìsé Norbert wo ìwé rẹ̀, ó wo àwọn obìnrin, ó tún wo ìwé náà. Ó ní, "Kí á fi ọ̀rọ̀ gbígba ilẹ̀ sílẹ̀ ná."

"Ó ti fi sílẹ̀," ni Baba Lassissi sọ fún gbogbo wọn. "Àdìjá, padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ. Kí o sì dúpẹ́, kí ọ̀rọ̀ yìí tán."

"Baba, ẹ jọ̀wọ́, mo bọ̀wọ̀ fún yín," ni Àdìjá wí, "ṣùgbọ́n n kò ní dúpẹ́. Ilẹ̀ mi ni ó wà lọ́wọ́ mi látẹ̀yìnwá. Ẹ̀fọ́ mi ti lọ. Kí gbọmà tó tún tó já, ó di oṣù méjì. Ta ni yóò bá mi fara da ebi rẹ̀?"

Mìsé Norbert tẹ́ ọwọ́. "Ìyá, mo lè bá yín wá irúgbìn tuntun. Nínú ìlàkàkà tí a jọ..."

"Mú un wá," ni Àdìjá wí. "Má sọ nǹkan kan sí i. Gbé e sílẹ̀ kí o máa lọ."

Ó yí padà, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ẹ̀bá odò. Ó fi ẹsẹ̀ gbá ọgbà pákó náà títí apá kan rẹ̀ fi wó. Lẹ́yìn náà ni ó mú ọkọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí hú àwọn igi gbọmà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń jù wọ́n sẹ́yìn láìwo ibi tí wọ́n ń bọ́ sí. Àwọn tí ó tẹ̀lé e wá dúró lẹ́yìn rẹ̀ sì ní láti máa yẹra.